Ṣé Kí N Fò Ó?

Ọmọ mi obìnrin fi ohun kan sínú fóònù mi nígbà tí ó rí i pé mo ti ń gbé ìwé jìnnà sójú kí n tó lè kà á. Ohùn kan ni. Bí mo bá ṣí ìròyìn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé wèrè ni. Ó ka orí ìròyìn, ó ka "tẹ ibí", ó ka ìpolówó ọṣẹ, ó ní "àwòrán", kò sọ àwòrán ta ni, ó tún padà sórí ìròyìn bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí. Kò mọ òkè ọ̀rọ̀, kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ẹ má bínú sí i. Ẹ tẹ ibí yìí."

Ó fi ìka mi tẹ ibì kan, gbogbo ìpolówó pòórá, ó ku ọ̀rọ̀ nìkan. Ó tún fi hàn mí bí mo ṣe lè máa fò láti orí ìròyìn kan dé orí òmíràn, láìjẹ́ pé mo gbọ́ èyí tó wà láàárín. Bí mo ṣe ń fò, fóònù náà ń dún. Tín. Tín.

Mo gbé e kalẹ̀, mo wọ yàrá lọ. Ọmọ mi rò pé ó ti sú mi ni. Kò mọ̀ pé mo ti gbọ́ "tín" yẹn rí. Agogo kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, a kì í sáré gbé e.

Ìkìrun ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ló ti ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé wa kò jìnnà sí ojú irin. Bí rélùwéè bá ń kọjá, àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bàbá mi kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe olóyè. Ohun tí àdúgbò fi mọ̀ ọ́n ni pé ó máa ń ka ìwé ìròyìn sókè. Ìwé ìròyìn Yorùbá kan wà nígbà náà tó ń jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, yóò gbé àga síta sí ìbòòji, yóò nu gíláàsì ojú rẹ̀, yóò sì kọ́kọ́ dákẹ́. Àwọn ará ilé á ti mọ̀ pé ó tó. Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí á gbé igbá rẹ̀ wá, ẹni tó ń dirun fún ọmọ á fa ọmọ náà àti irun rẹ̀ tó kù sí ààbọ̀ wá síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kan ló ní. Mo ní ọ̀kan, nítorí pé ojúlùmọ̀ ni àwọn yòókù. Ará Inísà ni, Bàbá Inísà la sì ń pè é nílé wa, bí ẹni pé òun nìkan ló ń gbé ìlú náà. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi kọ́ kíkà. Bàbá mi ló ni ìwé, nítorí náà ọ̀dọ̀ bàbá mi ni ìwé kọjú sí. Bàbá Inísà jókòó sí òdìkejì tábìlì. Bó ṣe kọ́ ìwé kíkà nìyẹn, láti orí kodò. Títí ó fi dàgbà, tí ó ń ra kòkó tí ó ń tà á, lẹ́tà tó dorí kodò mọ́ ọn lójú ju èyí tó dúró dáadáa lọ. Bí bàbá mi bá ń ka ìwé ìròyìn, iwájú rẹ̀ gan-an ló máa ń gbé àga sí, yóò gẹ fìlà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, yóò na ọrùn, yóò sì ti ka ìdí ọ̀rọ̀ tán kí bàbá mi tó dé ibẹ̀.

"O tún ti ṣáájú mi," bàbá mi á wí.

"Ìwọ lo ń falẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin ará kóòtù ni, ẹjọ́ ewúrẹ́ kan, ẹ ó dá a títí ewúrẹ́ á fi darúgbó."

"Ó sàn ju ẹni tó ń kàwé bí àdán lọ."

"Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Ẹyẹ, máa kà á lọ!"

Àwọn tó ń bó ẹ̀gúsí á rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àdán ni bàbá mi ń pè é. Ẹyẹ lòun náà ń pe bàbá mi. Ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbọdọ̀ pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń parí lọ ni ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. A rò pé gíláàsì ló ti gbó. Nígbà tí a ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Òṣogbo, ihò kọ́kọ́rọ́ náà ti ń dí. Dókítà ní èyí tó ti lọ, ó ti lọ. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn. A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ìkìrun. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ tán ló tó bi mí léèrè.

"Ṣé ìwé ìròyìn ti dé?"

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ ń kà á fún un. Rẹ́wáyà ni àbúrò mi ń kọ́ nígbà náà, ó mọ wáyà ọkọ̀ ju lẹ́tà lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti ka ìwé ìròyìn wa ló mọ̀ pé wọn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni 'o' méjì tó bá tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ. Òǹkàwé ni yóò fi ojú inú mọ ibi tí ohùn yóò gbà. Ní ọjọ́ kan, àbúrò mi gbóhùn sókè: "Ogun ti dé sí ọsibítù Ìkìrun!"

Ìyá mi sọ ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ogun kẹ̀? Ta ló ń bá ta jà?"

"Wọ́n ní ó pọ̀ gan-an, màámi. Wọ́n ní páálí páálí ni wọ́n ń kó o wọlé."

Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú tí kò ríran mọ́. "Oògùn ni, ìwọ ọmọ yìí! Oògùn ló dé sí ọsibítù. Sọ fún ìyá rẹ kí ó má bẹ̀rù."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, ó pè mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni, mò ń retí ibi tí wọn yóò gbé mi lọ.

"Tíṣà," ó ní, nítorí ó ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ kí n tó dé iwájú kíláàsì rárá, "wá máa kàwé fún mi. Ti àbúrò rẹ yẹn, ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín dára. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kàwé."

Mo rò pé ẹni tó bá ti mọ̀wé lè kà á fún ẹlòmíràn. Bí mo ṣe jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè ojú ìwé, mo ń bọ̀ wá sísàlẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró. Kí lò ń kà yẹn?"

"'Ìyókù wà lójú ìwé kẹjọ.' Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, Bàbá."

"Ojú mi kì í ka ìyẹn. Ojú mi á kàn ṣí ojú ìwé kẹjọ ni. Ọṣẹ tí o kà ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Kí ni ọṣẹ ń wá nínú ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ Inísà?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà."

"Ojú mọ ẹ̀gbẹ́ yàtọ̀ sí inú. Ẹnu rẹ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n."

Báyìí ló ṣe kọ́ mi. Orí àwọn ìròyìn ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìgbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ ká ọjà já kí ó tó pinnu ibi tí yóò ti ná nǹkan. Lẹ́yìn náà ni yóò yan èyí tó fẹ́. Bí ìpínrọ̀ bá parí, kí n mí kanlẹ̀ kí n tó bọ́ sí òmíràn. Bí àwòrán bá wà, n kò gbọdọ̀ sọ pé "àwòrán gómìnà" kí n sì máa lọ.

"Kí ni gómìnà ń ṣe?"

"Ó jókòó."

"Báwo ló ṣe jókòó? Bí ẹni tó yó ni, àbí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fà dìde?"

Mo tún wò ó. "Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fà dìde."

"Ẹn-ẹ́n. Mo ti rí i wàyí."

Ti ìpolówó ló le jù. Ó ní bí mo bá dé ibẹ̀, kí n sọ pé ìpolówó ni, kí n sì bi í bóyá kí n fò ó.

"Ẹ ó sáà ní kí n fò ó, Bàbá. Kí ni mo tún ń bi yín sí?"

"Bi mí. Ojú mi lo jẹ́, Tíṣà, o kì í ṣe orí mi. Ojú kì í yan ohun tí orí yóò mọ̀."

Torí náà, mò ń bi í. "Ìpolówó. Ṣé kí n fò ó?" "Fò ó." Ó di orin láàárín wa. Bàbá Inísà ṣì ń wá nígbà náà, iwájú mi ló sì wá ń jókòó sí báyìí, ó ń na ọrùn, ó ń ṣáájú mi dé ìdí ọ̀rọ̀. Ó ní Ẹyẹ ti bí ọmọ, iyẹ́ ọmọ náà kò sì tíì gùn tó.

Nígbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi dé, Òkukù ni wọ́n gbé mi lọ. Kì í ṣe ibi tó jìnnà, bọ́ọ̀sì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ìlú méjèèjì láti òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ní kíláàsì kò lè máa wá ka ìwé ìròyìn ní Ìkìrun láàárín ọ̀sẹ̀. Bàbá mi ló ronú kan kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì kan, èmi náà wá ọ̀kan. Mò ń ka ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ ní Òkukù, mo sì ń fi rán dírẹ́bà kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkìrun.

Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kò dùn mọ́ ọn. Nígbà tí mo wálé, ó ní, "Ìwé tí kò lórí lo fi ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá fẹ́ ìròyìn kẹta, mo gbọ́dọ̀ tún gbọ́ ìkíní àti ìkejì. Bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ kó sáré, ohùn rẹ á di ti ẹ̀gà."

Òótọ́ ni. Bí ó bá tẹ bọ́tìnì ìsáré mọ́ èyí tó ń sọ̀rọ̀, ohùn mi á máa ta wírí wírí bí ẹ̀gà orí ọ̀pẹ, èèyàn kò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí.

Bàbá Inísà wà níbẹ̀. Ó wo rẹ́díò náà fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí kẹ̀kẹ́ bàbá mi ti fara ti ògiri láti ọjọ́ tí ojú ti lọ. A gbọ́ tí ó ń fi ọ̀bẹ yí nǹkan. Nígbà tí ó padà, agogo kẹ̀kẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lu èyí kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn kọ̀ọ̀kan," ó sọ fún mi. "Ẹ̀gà lè ké títí, kò ní lè ké bí agogo."

"O ti tú kẹ̀kẹ́ mi, Àdán," bàbá mi wí.

"Ìgbà wo lo tún fẹ́ gùn ún? Bí o bá gùn ún, èmi ni kí n jókòó síwájú kí n máa sọ fún ọ pé kòtò ń bọ̀?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe rí ọ̀nà nìyẹn. Tín, ìròyìn kan. Tín, òmíràn. Bó bá ń sáré kásẹ́ẹ̀tì, láàárín igbe ẹ̀gà, á gbọ́ agogo, á dá a dúró. Ìpolówó kò ní agogo. Nítorí pé kò sí níwájú mi kí n bi í, ó fún mi láyè kí n máa sọ pé, "Ìpolówó, mo fò ó," kí n sì kọjá. Kí ó sáà mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀.

Bó ṣe di pé Bàbá Inísà kò wá mọ́ nìyí. Inú ló kọ́kọ́ ń run ún, ó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rù. Láàárín ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ru sókè, ó ṣubú nílé ìwẹ̀, a gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí ó fi padà sílé, wọ́n sọ fún un pé Bàbá Inísà ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kàdúná, kí wọ́n lè máa tọ́jú inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà ní Òkukù nìyẹn.

Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá mi ń ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà, ó ń béèrè. Lẹ́yìn náà, kò béèrè mọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Bí mo bá wálé nígbà ọlidé, n ó bá a níbi tó jókòó sí, àga òdìkejì wà níwájú rẹ̀ lófìfo, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e.

"Kò sí kásẹ́ẹ̀tì ní Kàdúná ni?" ó bi mí lọ́jọ́ kan. "Kò lè fi ohùn ránṣẹ́ sí mi?"

"Bóyá ara rẹ̀ kò tíì le, Bàbá."

"Ara rẹ̀ le. Ojú mi ni kò là. Ó retí títí, ó rí i pé kò ní là mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ máa bá afọ́jú kàwé? Tíṣà, bí ọlọ́jọ́ bá dé bá mi, ẹ má ránṣẹ́ sí Inísà. Mo wí tèmi. Kí ó má wá síbi òkú mi."

Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì nítòsí. Kò gbójú sókè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ló dùn ún.

Ó tún sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé òun ṣì ń ríran lójú àlá. Ó ní gbogbo nǹkan mọ́ kedere níbẹ̀, títí kan àwọ̀ ilẹ̀kùn. Ìwé ìròyìn nìkan ló ń dà á láàmú. Bó bá gbé e dání lójú àlá tó fẹ́ kà á, lẹ́tà á máa sá fún un.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù pé yóò kú, nítorí kò sí ẹni tí kò ní kú. Ẹ̀rù ohun tí yóò gbé dání lọ ló ń bà mí.

Ọjọ́ kan wá dé, mo ra ìwé ìròyìn ní gáréèjì Òkukù. Mo darí sílé, mo gbé rẹ́díò sórí tábìlì, mo fi agogo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ka orí àwọn ìròyìn tán, mo lu agogo, mo ka èyí àkọ́kọ́. Mo lu agogo, mo ka òmíràn. "Ìpolówó, mo fò ó." Mo ṣí ojú ìwé.

Àwòrán kan wà ní ìsàlẹ̀, nínú àpótí tí ìlà dúdú yí ká. Fìlà tó gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo kọ́kọ́ rí. Mo fi ojú ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìrántí ọdún kan tí ó ti kú ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé e jáde.

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ohun tó ń yí lọ́kàn mi ni pé ìpolówó ni. Wọ́n sanwó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kò lórí, kò yẹ fún agogo. Bí mo bá sọ pé, "Ìpolówó, mo fò ó," n kò purọ́. Ìlànà tí èmi àti bàbá mi jọ fi lélẹ̀ ni. Yóò gbọ́ ọ, yóò sì retí agogo tó kàn.

Mo tẹ rẹ́díò, ó dákẹ́. Nígbà tí ilé-ìwé parí ní ọ̀sẹ̀ náà, mo kó rẹ́díò, agogo àti ìwé ìròyìn sínú báàgì, mo wọ bọ́ọ̀sì Ìkìrun.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Ìyá mi ń sá aṣọ. Mo na ìwé ìròyìn sí i. Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ fìlà yẹn. Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ.

"Ẹ mọ̀, màámi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ kò sọ fún èmi náà."

"Ìwọ? Ohùn rẹ ni bàbá rẹ fi ń ríran. Bí a bá sọ fún ọ, ohùn rẹ á sọ fún un." Ó fi etí ìró nu ojú. "Inú ọsibítù ni bàbá rẹ wà nígbà tí àwọn ọmọ Bàbá Inísà wá túfọ̀. Dókítà ní kí ohunkóhun má kó jìnnìjìnnì bá a. Ṣé ìwọ ni yóò lọ túfọ̀ fún ẹni tó ń mu omi nínú abẹ́rẹ́? A ní bí ara rẹ̀ bá le. Nígbà tí ara rẹ̀ fi máa le, irọ́ náà ti dàgbà. Irọ́ tó bá ti dàgbà nínú ilé, ta ni yóò tì í síta?"

"Ó ń bú òkú, màámi. Ó ń gbé e ṣépè."

"Mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ṣé o rò pé mo ń sùn?" Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìpolówó ni, àbí? Ẹ̀yin méjèèjì kì í sì í ka ìpolówó. Jọ̀ọ́, fò ó. Fò ó fún mi."

Kí n tó dáhùn, ohùn bàbá mi ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá. "Tíṣà! Kásẹ́ẹ̀tì ni mò ń retí, ẹnu tó kà á ló dé. Ṣé wọ́n ti lé ọ níṣẹ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò jókòó sí àga òdìkejì. Mo ka orí àwọn ìròyìn, ó yan tirẹ̀. Ó ń dáhùn, ó ń bú àwọn aṣòfin, inú rẹ̀ dùn pé òun rí ẹni bá jà. Ìyá mi wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ṣí ojú ìwé náà.

"Ìpolówó ni, Bàbá."

Mo dúró.

Ó ti la ẹnu láti sọ pé kí n fò ó. Ó tún pa á dé. Ó yí etí rẹ̀ sí mi.

"O kò bi mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ṣé kí n fò ó?"

Rélùwéè ń bọ̀ lókèèrè. A jọ gbọ́ ọ títí ó fi dé, títí ó fi kọjá, àwọn àwo ìyá mi sì sọ̀rọ̀ tiwọn tán.

"Àwòrán wà ńbẹ̀?"

"Ó wà."

"Sọ ọ́ fún mi."

"Ọkùnrin kan ni. Àgbàlagbà. Ó dé fìlà, ó gẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì." Mo tún wò ó dáadáa. "Ó na ọrùn díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan wà nísàlẹ̀ tó fẹ́ kà."

Bàbá mi na ọwọ́ síwájú, ó kan ẹ̀yìn àga tó ṣófo, ó dì í mú.

"Àdán," ó ní. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Kà á."

Mo kà á. Ọdún kan tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Bàbá rere, a kò gbàgbé yín. Ó dàárọ̀, ó di gbéré, ó dojú àlá.

"Ìnnà lílláhì," bàbá mi wí, ó sì sọ ìyókù rẹ̀ sínú. "Ọdún kan. Ọdún kan ni mo fi ń bá òkú jà, òkú kò dá mi lóhùn, mo ní ó gbéra ga."

Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Olówó orí mi, ẹ foríjì mí. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Mi ò fẹ́ sin ẹ̀yin méjèèjì pọ̀."

Mo rò pé yóò bínú. Ó kàn bi í pé, "Àwọn tó wá túfọ̀, ǹjẹ́ wọ́n jíṣẹ́ kankan fún mi?"

Ìyá mi di orúnkún rẹ̀ mú. "Wọ́n ní ó ní kí wọ́n kí Ẹyẹ. Ó ní, 'Kí Ẹyẹ máa kà á lọ.'"

Ìgbà yẹn ni bàbá mi sunkún. N kò rí i kó sunkún nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ ní Òṣogbo, n kò sì rí i nígbà tó ṣubú. Omi tó ń bọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò nù ún.

Nígbà tó yá, ó ní kí n tún ka ìdí rẹ̀ fún òun.

"Ó dojú àlá."

"Ojú àlá." Ó mi orí. "Ojú kan ṣoṣo tó kù mí kù náà nìyẹn. Níbẹ̀ ni yóò ti wá bá mi." Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ tí kò wúlò mọ́ ṣe. "Ṣé ìpolówó yìí wà lórí kásẹ́ẹ̀tì?"

"Kò sí, Bàbá. Ibẹ̀ ni mo dá a dúró sí."

"Gbé rẹ́díò jáde. Kà á sí i. Lu agogo kí o tó kà á."

"A kì í lu agogo fún ìpolówó."

"Ta ló pè é ní ìpolówó? Ìròyìn ni."

Mo gbé rẹ́díò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́. Mo lu agogo tí Bàbá Inísà fi ọ̀bẹ tú lára kẹ̀kẹ́, mo sì ka ọ̀rọ̀ ìrántí rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo sọ àwòrán náà pẹ̀lú, fìlà àti ọrùn. Ìyá mi ń sunkún lábẹ́ rẹ̀. A kò dá a dúró nítorí ìyẹn.

Nígbà tí mo tẹ rẹ́díò pa, bàbá mi na ọwọ́, mo gbé ìwé ìròyìn lé e. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú ìwé náà jẹ́jẹ́.

"Apá ibo ni orí rẹ̀ wà?"

Mo mú ìka rẹ̀, mo fi kan òkè ìwé. Ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni ìwé náà kọjú sí, bó ṣe máa ń kọjú sí i látìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré. Ó rọra yí i po, títí tí òkè rẹ̀ fi bọ́ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì kọjú sí òdìkejì. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ́ ẹ sórí àga tó ṣófo, ó sì tún etí rẹ̀ ṣe kó má baà ká.

"Lónìí," ó ní, "kí ó kà á bí èèyàn."